Ẹ̀sùn Lórí Igi Maple Tí Mo Rà: Ohun Tó Ń Rúwé Kì Í Ṣe Ohun Tí Mo Sanwó Fún

Sí Alábòójútó Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ̀yin Aláṣẹ Ilé-Iṣẹ́,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn sùn yín nípa igi ọ̀ṣọ́ kékeré kan tí mo rà lórí ìkànnì yín, àti láti jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò fara mọ́ èsì tí òṣìṣẹ́ yín fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó yín létí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí igi náà ti ń rúwé, kò tíì kú, àti pé àdéhùn tí ẹ ṣe láti pààrọ̀ igi tó bá kú kò kan tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, igi tí mo rà ti kú. Ohun tó ń rúwé nínú ọgbà mi ni ìdí igi tí wọ́n lọ́ ọ mọ́. Lílọ́ igi ni pé kí a gé ẹ̀ka igi kan, kí a sì so ó mọ́ ìdí igi mìíràn tó ní gbòǹgbò, kí àwọn méjèèjì lè jọ dàgbà bí igi kan.

Igi tí mo yàn, tí mo sì san owó rẹ̀ pé, ni maple ti Jàpáànù tó ń jẹ́ Acer palmatum 'Garnet'. Àwòrán orí ìkànnì yín fi ewé pupa dòdò tó ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ hàn, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì dorí kodò. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíga rẹ̀ kì í ju mítà 2 sí 3 lọ. Gíga yìí gan-an ló jẹ́ kí n yàn án, nítorí iwájú fèrèsé ni mo fẹ́ gbìn ín sí.

Nígbà tí ẹ fi í ránṣẹ́, kò sí ewé kankan lórí rẹ̀. Ìyẹn kò kọ mí lóminú, torí pé àsìkò tí maple bá ti wọ́wé, tó ń sinmi, ló dára jù láti gbé e rìnrìn àjò. Ohun tí kò dára ni pé erùpẹ̀ inú ike rẹ̀ ti gbẹ táútáú, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti lọ́ yípo inú ike náà. Mo gbìn ín bí ìwé ìtọ́sọ́nà yín ṣe wí, mo sì ń bomi rin ín déédéé.

Nígbà tí àkókò ìrúwé dé, gbogbo èéhù tó yọ ló yọ láti ìsàlẹ̀ àpá ibi tí wọ́n ti lọ́ igi náà. Kò sí ẹyọ kan tó yọ lókè àpá yẹn. Ewé wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, ó fẹ̀, ó sì ní ẹnu márùn-ún bí àtẹ́lẹwọ́ tí a là sílẹ̀. Mo fi èékánná ha èèpo ara igi láti ṣóńṣó orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Lára igi tó wà láàyè, àwọ̀ ewé tútù ló yẹ kí ó hàn lábẹ́ èèpo. Lára èyí, ó gbẹ, ó sì dúdú títí dé ojú àpá náà. Kété lábẹ́ àpá ni ó tó tutù.

Òṣìṣẹ́ yín gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní sùúrù, pé bí òòrùn bá ràn sí i dáadáa, yóò pupa. Lóòótọ́, òòrùn a máa mú kí pupa ewé 'Garnet' jinlẹ̀ sí i, ibòji sì lè mú un ṣá. Ṣùgbọ́n òòrùn kì í sọ ewé tó fẹ̀ di èyí tó ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òṣìṣẹ́ náà tún ní Acer palmatum ni wọ́n kọ sára igi náà, Acer palmatum náà sì ni mo gbà. Orúkọ tí Carl Peter Thunberg, onímọ̀ nípa ewéko, fún gbogbo ẹ̀yà maple yìí ní 1784 nìyẹn. Ó kan ìdí igi lásán bó ṣe kan 'Garnet'. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta igi mọ̀ jù mí lọ pé hóró 'Garnet' kì í sábà hu igi tó jọ ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ́ ọ. Tí mo bá sì fi ìdí igi yìí sílẹ̀ kó máa dàgbà, ó lè ga tó mítà 6 sí 10, ní iwájú fèrèsé!

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ń gbin irú igi yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè gba èsì yín gbọ́, kí ó sì máa tọ́jú igi tí kò rà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, mo ń fẹ́ kí ẹ fi 'Garnet' mìíràn tí apá òkè rẹ̀ wà láàyè ránṣẹ́ sí mi nígbà tí àsìkò ìgbé-igi-rìn bá tún dé, láìgba owó ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ dá gbogbo owó mi padà, títí kan owó tí mo san fún ìfiránṣẹ́. Mo sì rọ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ kedere sínú àdéhùn yín pé bí apá tí a lọ́ mọ́ ìdí igi bá ti kú, igi náà ti kú nìyẹn.

Mo fi àwòrán àpá náà, èèpo tí mo ha àti ewé tó yọ kún lẹ́tà yìí. Mi ò ní hú igi náà títí ẹ ó fi dá mi lóhùn, bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń retí èsì yín ní kíkọ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbàárà yín