Owó tí wọ́n kà fún àwọn Mùsùlùmí Íńdíà kọ́ ni owó tó ń jáde

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí mínísítà ìnáwó Íńdíà bá ti ka ètò ìṣúná tán lóṣù Èrèlé, iye kan ṣoṣo ni ìròyìn máa ń gbé kiri: ìjọba ya báyìí-báyìí sọ́tọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Àwọn kan á ní ó ti pọ̀ jù, àwọn kan á ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Iye kan yẹn ò lè parí àríyànjiyàn náà.

Owó ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àwọn ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ níye, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ni ín, ẹ̀sìn mẹ́fà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀: Mùsùlùmí, Kirisẹ́ẹ́nì, Sikh, Búdà, Pársì àti Jain. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìkànìyàn 2011 kà wọ́n sí mílíọ̀nù 172, ìyẹn ìdá 14.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Íńdíà.

Ní 2022 sí 2023, bílíọ̀nù rúpíì 50.2 ni wọ́n kà fún ilé-iṣẹ́ yìí. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gé e sí 26.1. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka 31, wọ́n tún gé e sí 26.1. Ní 2024 sí 2025, wọ́n ka 31.8, ó já sí 18.7. Wọ́n wá ka 33.5 fún 2025 sí 2026. Ẹni tó bá fi 33.5 wé 18.7 á pariwo pé owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fi wé 50.2 á bú sẹ́kún. Inú ìwé ìṣúná kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń kà á. Iye tí wọ́n tún ṣe láàárín ọdún ni kí ẹ máa wò, nítorí ó sún mọ́ owó tó jáde ju iye àkọ́kọ́ lọ. Ará Nàìjíríà ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé òun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù dẹ́rù bà yín. Tírílíọ̀nù rúpíì 50.65 ni gbogbo ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún 2025 sí 2026. Nínú gbogbo rúpíì 1,000, ohun tó kan ilé-iṣẹ́ yìí kò pé rúpíì kan. Lóòótọ́, ètò oníkókó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2006 sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn ètò gbogbogbòò kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn wọ̀nyí. Ìyẹn ò sí nínú iye tí ìròyìn ń gbé.

Ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀ jù ni owó ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì ṣe ìdánwò kíláàsì kẹwàá. Bílíọ̀nù 14.25 ni wọ́n kà fún un ní 2022 sí 2023. Nígbà tó fi máa di 2025 sí 2026, kò pé bílíọ̀nù méjì mọ́. Ìdí pàtàkì ni pé wọ́n yọ kíláàsì kìíní sí ìkẹjọ kúrò, wọ́n ní òfin 2009 ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá. Àwíjàre yìí ò wọ̀ mí létí. Rúpíì 100 lóṣù, fún oṣù mẹ́wàá, ni ọmọ kíláàsì kékeré ń gbà tẹ́lẹ̀. Owó ìwé àti bàtà ni, kì í ṣe owó ilé-ìwé, òfin náà ò sì ra bàtà fún gbogbo wọn.

Bí owó náà ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ tún le. Òbí á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí National Scholarship Portal, ìkànnì ayélujára tí ìjọba fi ń gba fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́, á fi ìwé-ẹ̀rí hàn pé owó tó ń wọlé fún òun kò ju rúpíì 100,000 lọ́dún, ọmọ á sì ti gba máàkì 50 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò tó kọjá. Ilé-ìwé á yẹ̀ ẹ́ wò, òṣìṣẹ́ àgbègbè náà á yẹ̀ ẹ́ wò, kí owó tó wọ akáǹtì tí wọ́n so mọ́ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ Aadhaar. Bí ẹnì kan bá jókòó lé fọ́ọ̀mù títí ọjọ́ fi kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ tún ń dá wàhálà sílẹ̀: ilé-ìwé kọ "Md.", Aadhaar kọ "Mohammad", báńkì kọ "Mohammed". Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Ẹni tí NIN àti BVN rẹ̀ ò bára mu rí níbí mọ irú ìyà tí mò ń sọ.

Jìbìtì náà wà, n ò ní bò ó. Ní 2023, ìjọba ní nínú ilé-ìwé 1,572 tí àwọn yẹ̀ wò, 830 jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CBI. Bílíọ̀nù rúpíì 1.45 ni wọ́n ní ó bá a lọ láàárín ọdún márùn-ún. Ó dáa kí wọ́n mú olè, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní kíláàsì lóòótọ́ kọ́ ló jalè.

Ní ti Hájì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ẹni tó ń sọ pé ìjọba ń dín owó rẹ̀ kù fún wọn ń sọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n máa fà á sẹ́yìn ní 2012, ó sì tán pátápátá ní 2018. Orí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń yọ ọ́ sí. Kì í dé àpò arìnrìn-àjò.

Ó ku ti ilé kíkọ́: ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń san 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ á san 40. Bí ìpínlẹ̀ ò bá mú tirẹ̀ wá, tàbí tí kò fi ìwé hàn bó ṣe ná ti àkọ́kọ́, owó kejì á há. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àgbègbè 90 lódindi ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n, ilé ìwòsàn sì lè bọ́ sí apá ibi tí Mùsùlùmí kan ò gbé. Ní 2013 ni wọ́n tó fọ́ ìwọ̀n náà sí wẹ́wẹ́, dé ìlú àti abúlé.

Olóòtú, bí ẹ bá máa gbé ìròyìn yìí jáde lóṣù Èrèlé tó ń bọ̀, ẹ to iye mẹ́ta síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí wọ́n kà lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n gé e sí, àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Bí àyè bá wà, ẹ fi iye ọmọ tí owó wọ akáǹtì wọn kún un, kì í ṣe iye àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìlọrin