Ọkùnrin apá ọ̀tún pápá

Seattle,
Oṣù kẹjọ, 2025.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Orúnkún ń dùn ọ́ láti Sátidé, síbẹ̀ o ní o ò ní yé bá àwọn ọmọ kéékèèké gbá bọ́ọ̀lù!

O bi mí pé ta ni ará Japan orí-ewú tí mo fi sórí status mi. Ichiro Suzuki ni, béésìbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé wàá ní eré kí la tún gbọ́ yìí, táwọn èèyàn ń dúró bí ẹni tó ń ṣọ́ oko àgbàdo. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Apá ọ̀tún pápá, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ni wọ́n máa ń fi ọkùnrin yìí sí nígbà tó ṣì ń gbá a, níbi tó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù má dé fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kì í dúró lásán. Á lóṣòó, á na itan, á yí èjìká, á tún lóṣòó. Tó bá kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù, á na igi sókè sí ẹni tó ń jù ú, á wá fọwọ́ òsì fa apá aṣọ rẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń fi ìgbálẹ̀ sín in jẹ ní pálọ̀, títí wọ́n fi fọ́ gíláàsì tábìlì mi.

Lọ́dún 2001 ló kúrò ní ẹgbẹ́ Orix ní Japan wá síbí. Àwọn kan ní ara rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ọdún yẹn náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù àti ti ẹni tó ta yọ jù ní líìgì rẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún náà, ní Oakland, Terrence Long, ará ẹgbẹ́ Oakland, rò pé òun á sáré dé bèèsì kẹta, ìyẹn ibi kẹta tí ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn. Ichiro ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó jù ú tààrà bí ọfà, ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ bèèsì kí Long tó yọ́ dé ibẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wò ó.

Lọ́dún 2004, ẹ̀ẹ̀mejìlénígba ó lé ọgọ́ta, 262, ló gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré dé bèèsì. George Sisler, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, ló ní iye tó pọ̀ jù lọ́dún kan tẹ́lẹ̀ láti 1920, pẹ̀lú 257. Gbọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù: lọ́dún 2009, Ichiro lọ sí ibojì Sisler ní St. Louis, ó gbé òdòdó síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ New York àti ti Miami tó lọ kó tó padà síbí, mi ò ní fi ìyẹn dá ọ dúró. 21 oṣù kẹta 2019 ló fẹ̀yìn tì, ní Tokyo Dome, ọmọ ọdún 45. Kò rí ìkankan gbá dáadáa lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ́ kó sáré dé àyè rẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n wá pè é wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dì mọ́ ọn. Yusei Kikuchi, ọmọ Japan tó ń gbá fún wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, sunkún bí ọmọdé. Eré parí, àwọn èrò ò lọlé, àfìgbà tó tún jáde wá juwọ́ sí wọn.

Lọ́dún yìí, 393 nínú ìbò 394 ló fi wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni béésìbọ́ọ̀lù ní Cooperstown. Ó ní kí ẹni kan tí kò dìbò fún òun wá bá òun mu nǹkan nílé. Nígbà tó dórí pèpéle lóṣù keje, ó ní àsìkò ìpè náà ti kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o, ẹni tí ògbufọ̀ ń bá dá oníròyìn lóhùn láti ọdún púpọ̀ wá!

Ó sì tún ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣeré ìdárayá. Nítorí náà mi ò lè sọ pé kí o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n na itan kí o tó wọ pápá, jọ̀ọ́. Mo ti ra báńdéèjì orúnkún méjì fún ọ. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà á bá mi gbé e wá.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àjàní