Irun Òkú Kọ́ Ni Irun Tirumala

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lórí wíìgì irun ènìyàn. Ó ní irun òkú ni gbogbo rẹ̀, pé inú mọ́ṣúárì ni wọ́n ti ń gé e ní Íńdíà, àti pé obìnrin tó bá gbé e lérí ti fowó ra wàhálà. Chennai ni èmi ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi, irun yìí kan náà ni mo sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi l'Ékòó. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí pé oúnjẹ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbà ooru ni àwọn ọmọ ilé ìwé níbí máa ń gba ọlidé gígùn, nígbà tí oòrùn Chennai kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. Aládùúgbò wa, obìnrin Tamil kan tí gbogbo wa ń pè ní Akka nítorí pé ó jù wá lọ, ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, pé bí ọmọ náà bá gbádùn, òun yóò fi irun orí òun fún Venkateswara, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní Tirumala, orí òkè tí tẹ́ḿpìlì rẹ̀ wà. Ọmọ gbádùn. Akka ní kí ìdílé méjèèjì jọ lọ, kí àwọn ọmọ rí nǹkan ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n bá wọlé padà.

Láti Chennai dé Tirupati, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, kò pé 150 kìlómítà. A ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. A gba Tiruvallur, a dé Tiruttani, níbi tí tẹ́ḿpìlì òrìṣà Murugan wà lórí òkè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 365, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan inú ọdún. Àwọn ọmọ fẹ́ gùn ún, ọkọ Akka ní kí wọ́n fi agbára pamọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ tí a fi bọ́ sí ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, lẹ́tà ara pátákó ojú ọ̀nà bá yí padà láti Tamil sí Telugu. Ìdòwú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Tamil kà ní ilé ìwé, bínú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Alipiri ni wọ́n ti ń yẹ gbogbo mọ́tò wò kí wọ́n tó gòkè. Sìgá, ọtí, ẹran, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo ti se jọ́lọ́ọ̀fù ẹlẹ́ran adìyẹ dání, torí àwọn ọmọ mi kì í jẹ ìdlì, oúnjẹ ìrẹsì àwọn ará ibí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. A jókòó sábẹ́ igi kan ní Tirupati, a jẹ ẹ́ tán porogodo, mo sì fọ kúlà náà mọ́ kí ẹ̀ṣọ́ kankan má baà gbọ́ òórùn ata.

Ọ̀nà méjì ló gun òkè náà: ọ̀kan fún àwọn tó ń lọ, èkejì fún àwọn tó ń bọ̀. Wọ́n ń ṣọ́ àkókò tí mọ́tò wọ ọ̀nà. Bí o bá fi eré àsápajúdé dé ṣáájú iye ìṣẹ́jú tí wọ́n là sílẹ̀, ìtanràn ń dúró dè ọ́. Ì bá wù mí kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn dẹ́rẹ́bà wa ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kọ́nà pọ̀ jù lójú ọ̀nà ọ̀hún, Kẹ́hìndé bì sínú láílọ́ọ̀nù. Àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 3,500. Ọkọ mi fẹ́ dán an wò, mo kọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn wà nínú igbó yẹn, àmọ̀tẹ́kùn gidi o, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀. Ní 2023, ó pa ọmọdébìnrin kan lójú ọ̀nà náà.

Kìrìsìtẹ́nì ni wá. Ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun gba òrìṣà náà gbọ́ kó tó lè wọlé lọ wò ó. A kò fọwọ́ sí i, a kò sì wọlé. Kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé Akka dé Kalyanakatta, ilé ìfárí.

Gbọ̀ngàn ńlá ni, omi wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn onígbàjámọ̀ jókòó tò lọ gbọọrọ. Àwọn obìnrin wà láàárín wọn, ọ̀kan nínú wọn ló sì fá orí Akka. Wọn kì í gbowó, abẹ tuntun ni wọ́n sì ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Akka tú irun rẹ̀, ó dé ìdí. Obìnrin náà bu omi sí i lórí, ó pín in sí méjì, ó ta á ní kókó, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí. Kókó àkọ́kọ́ já bọ́ kí n tó mọ̀, ó gbé e sínú garawa, ó bọ́ sí ìkejì. Lẹ́yìn náà ni Akka lọ wẹ̀, wọ́n fi igi sándà tí wọ́n lọ̀ kúnná kun orí rẹ̀ kodoro, orí náà pọ́n yẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ jòjòló ń ké lọ́tùn-ún lósì, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbé ọmọ wá síbẹ̀ fún ìfárí àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lè fá gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo rí ló ń mí.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé olùṣọ́-àgùntàn kan ṣe òrìṣà náà léṣe lórí, irun ojú ibẹ̀ kò sì hù mọ́. Ọmọbìnrin ọba kan, Neela Devi, gé irun tirẹ̀, ó fi dí àlàfo náà. Láti ìgbà yẹn, tirẹ̀ ni irun tí àwọn ènìyàn bá fi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fá orí Dàda nílé wa, tí a ń ṣe sàráà kí abẹ tó kàn án, kò ní ṣe háà.

Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, mo sọ iye tí irun bíi tirẹ̀ ń pa l'Ékòó fún Akka. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní gbèsè lòun san, kí ló wá kan òun nípa ohun tí ẹni tí òun san án fún bá fi ṣe?

Olóòtú, ohun tí wọ́n ń fi ṣe kì í ṣe àṣírí. TTD, àjọ tó ń bójú tó tẹ́ḿpìlì náà, ń ṣa irun ọ̀hún bó ṣe gùn sí, wọ́n sì ń lù ú ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí ń wọlé níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan rúpíì lọ́dún. Tẹ́ḿpìlì ló ni owó yẹn. Akka kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ yẹn ni kó ti bínú, èmi náà máa ń rò ó nígbà mìíràn.

Tàbí kó bínú bíi ti àwọn Júù kan. Ní 2004, àwọn rábì kan ṣòfin pé kí àwọn obìnrin wọn má wọ wíìgì tí irun rẹ̀ ti tẹ́ḿpìlì Íńdíà wá, nítorí pé wọ́n ti fi rúbọ sí òrìṣà. Àwọn obìnrin dáná sun wíìgì olówó gọbọi ní Jerúsálẹ́mù àti ní Brooklyn. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá sọ irú ìyẹn fún un, n kò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ òkú ni kí wọ́n yé sọ.

Àwa tí à ń tà á náà ń purọ́ tiwa. Kì í ṣe gbogbo irun Íńdíà ló ti tẹ́ḿpìlì wá. Àwọn kan wà tó ń rìn láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ra irun tó bọ́ sára kóòmù, wọn a tún un tú, wọn a fi kẹ́míkà bó èèpo ara rẹ̀, wọn a sì fi nǹkan mú un dán. Torí pé ṣóńṣó irú irun bẹ́ẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra, kò ní pẹ́ tó fi máa ta kókó, síbẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é lọ́jà, owó kan náà ni wọ́n sì ń gbà lé e. Ẹ fi ìka fa irun láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kí ẹ tún fà á padà. Èyí tí wọn kò bó yóò ha yín lọ́wọ́ díẹ̀ ní ìpadàbọ̀. Kí ẹ sì fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò kí ẹ tó san owó tó kù. Bí oníṣòwò bá kọ̀, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìyá Ìbejì,
Chennai, Íńdíà