Ẹ jẹ́ kí mílíìkì inú láílọ́ọ̀nù ní orúkọ àti déètì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú wà lára ohun tí mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkéré-Èkìtì. Láti ìgbà tí agolo ti wọ́n, èyí tí a ń bù nínú àpò kílò 25, tí a ń dì sí láílọ́ọ̀nù, ni agbára ọ̀pọ̀ oníbàárà ká. N kò bá wọn wí. Ohun tó ń dùn mí ni pé láílọ́ọ̀nù yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó rà á. Orúkọ, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ara àpò ni gbogbo rẹ̀ wà. Bóyá ojúlówó wàrà ni o, bóyá èyí tí wọ́n yọ ọ̀rá wàrà kúrò tí wọ́n fi òróró rọ́pò ni o, oníbàárà kò mọ̀.

Ti ọmọ ọwọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ìyá kan ń po mílíìkì yìí fún ọmọ oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe é. Kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: iyọ̀ àti purotéènì inú rẹ̀ wúwo jù fún kíndìnrín ọmọ, ohun tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára kò sì tó níbẹ̀. Ọmú nìkan ti tó fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Bó bá di dandan kí ẹ lo oúnjẹ ọmọ inú agolo, òun náà lè ní kòkòrò àìsàn nínú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ìgbóná omi tí a óò fi pò ó má dín ní 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius: omi tó hó láìpẹ́, kì í ṣe èyí tó ti wà nínú fúláàsìkì láti àárọ̀. Kí ẹ wá fi omi tútù mú ìgò náà rọlẹ̀ kí ọmọ tó mu ún. Èyí tó bá ti kọjá wákàtí méjì, ẹ dà á nù.

Fún àwa àgbà, ọ̀rinrin ni ọ̀tá mílíìkì, pàápàá lásìkò òjò tí kùrukùru ń bo orí òkè Olósùnta láàárọ̀. Ẹ dà á sínú ike gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹ gbé e jìnnà sí ibi ìdáná. Ṣíbí tí ẹ fi ro tíì kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ má gbé e sí fìríìjì, nítorí gbígbé e wọlé gbé e jáde yóò jẹ́ kó làágùn. Bó bá ti ń rùn bí òróró tó pẹ́, ẹ má fi ògì bò ó mọ́lẹ̀, ẹ dà á nù.

Olóòtú, ẹ bá mi bẹ àwọn ìyálọ́jà wa, láti Adó dé Ọ̀tùn. Kí olùtajà kọ orúkọ mílíìkì, déètì ara àpò àti ọjọ́ tó tú àpò náà sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ láílọ́ọ̀nù. Èmi ti ń ṣe é. Kó má sì ju àpò nù títí mílíìkì inú rẹ̀ yóò fi tán, kí oníbàárà tó bá fẹ́ rí i lè rí i.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́jà kan,
Ìkéré-Èkìtì.