Lẹ́tà ẹ̀sùn: orúkọ òkè lẹ kà, ẹ ò wo ibi tí tẹ́ḿpìlì wà

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

ẸSÙN LÓRÍ TÍKẸ́Ẹ̀TÌ TAIYUAN SÍ WUTAISHAN

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìparí, nítorí ẹni tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp kò ka ohun tí mo kọ tán kó tó fèsì.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti ìgbà náà, ikán àti òjò ni mò ń bá jà. Òpó tí a bá gbé dúró lónìí, bó bá lo ọgọ́ta ọdún láì jẹrà, ọpẹ́ ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé gbọ̀ngàn onígi kan wà ní agbègbè Shanxi nílẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 857, tí igi rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin títí dòní, mo ní ojú mi gbọ́dọ̀ rí i kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbọ̀ngàn Ìlà Oòrùn ti tẹ́ḿpìlì Foguang ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi tọ́jú owó ìrìn àjò náà.

Mi ò fẹ́ bá ọ̀wọ́ èrò rìn, níbi tí wọ́n á ti máa pe èèyàn pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra kó tó wo ẹyọ òpó kan tán. Mo fẹ́ dá rìn, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú, kí n dúró níbi tó bá wù mí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí wàhálà, pé ẹ ó mú ibùdókọ̀ tó sún mọ́ tẹ́ḿpìlì kọ̀ọ̀kan fún mi, pé owó iṣẹ́ yín wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Mo san án. Mo fi orúkọ àwọn tẹ́ḿpìlì náà ránṣẹ́ sí yín, mo sì fi ìkọ̀wé Ṣáínà tì í kó má baà sí àṣìṣe.

Mi ò ní purọ́ mọ́ yín: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ibùdókọ̀ Qinghe lẹ ní kí n ti wọkọ̀ ní Beijing, òun náà ló tọ́, nǹkan bíi wákàtí méjì ni mo fi dé ìlú Datong ní Shanxi. Mo rí ihò àpáta Yungang, tí wọ́n gbẹ́ ère Búdà sí lára ògiri òkúta láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Mo rí tẹ́ḿpìlì Huayan, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn nítorí pé àwọn Khitan, ẹ̀yà kan tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, tó kọ́ ọ ń bọ̀wọ̀ fún oòrùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Taiyuan, olú ìlú Shanxi, ni nǹkan ti bàjẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fún mi láti lọ rí Foguang, ibùdókọ̀ Wutaishan (orúkọ tó túmọ̀ sí Òkè Wutai) ló gbé mi lọ. Mo bi yín léèrè ṣáájú pé, "Ṣé ibùdókọ̀ yìí sún mọ́ tẹ́ḿpìlì náà?" Ẹ fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ibùdókọ̀ òkè náà gan-an ni." Mo gbà yín gbọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi, ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Wutaishan kò sí lórí Òkè Wutai. Shahe ló wà, ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Fanshi, ní ìhà àríwá òkè. Kódà ẹni tó ń lọ sí Taihuai, níbi tí àwọn tẹ́ḿpìlì olókìkí orí òkè náà pọ̀ sí, ṣì máa wọ mọ́tò fún nǹkan bí 50 kìlómítà láti ibẹ̀. Foguang ní tirẹ̀ kò sí ní Taihuai rárá. Ẹ̀gbẹ́ Doucun ló wà, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níhà gúúsù, òkè ló sì wà láàárín òun àti Shahe. Taiyuan tí mo ti wọkọ̀ náà, gúúsù ló wà. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi mí sí gbé mi yí òkè po, ó kọjá ibi tí mò ń lọ, ó wá já mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní mọ́tò ojú títì ni mo wọ̀ láti Taiyuan sí Doucun, ǹ bá ti débẹ̀ kí oòrùn tó kanrí.

Mo fi orúkọ tẹ́ḿpìlì han awakọ̀ takisí kan níwájú ibùdókọ̀. Ó kà á, ó mi orí, ó nawọ́ sí òkè. Mo fi í han ẹlòmíì, òun náà nawọ́ sí òkè. Ẹ̀kẹta tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀, ó sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn mí: bí a bá gbéra nísinsìnyí, ilẹ̀ á ti ṣú ká tó débẹ̀, wọ́n á sì ti ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ ìwọ̀n mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ rà fún mi láti Pingyao, ìlú àtijọ́ olódi tó gbẹ̀yìn ìrìn àjò mi, padà sí Beijing ti wà nílẹ̀ fún ọ̀túnla, físà mi sì ń parí lọ. Kò sí ọjọ́ mìíràn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí mo pàdánù. Lọ́dún 845, ọba ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn tẹ́ḿpìlì Búdà, Foguang sì bá a lọ. Ọdún 12 lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn yìí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ning Gongyu ló fowó sílẹ̀. Lọ́dún 1937 ni Liang Sicheng àti ìyàwó rẹ̀, Lin Huiyin, tí àwọn méjèèjì jẹ́ onímọ̀ ilé kíkọ́, gun ìbaaka débẹ̀. Lin Huiyin ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tàdáwà kọ, tó ti ń parẹ́, lábẹ́ ìtì igi àjà, orúkọ obìnrin yẹn ló sì wà níbẹ̀. Orúkọ kan náà wà lára òpó òkúta tó wà níta, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Abẹ́ ìtì igi yẹn ni mo fẹ́ dúró sí. Mo fẹ́ wo bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà ṣe to igi lé igi, tí ọ̀kan ń di èkejì mú láìsí ìṣó, títí tí etí òrùlé fi yọ síta ní nǹkan bíi 4 mítà tí kò sì wó. Gbọ̀ngàn náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, mo sì ti ṣètò pé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni n ó wà níbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bá àwọn ère. Tẹ́ḿpìlì Nanchan, tí gbọ̀ngàn tirẹ̀ jẹ́ ti ọdún 782, tó sì dàgbà ju gbogbo ilé onígi tó kù nílẹ̀ Ṣáínà lọ, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́nà láàárọ̀. Òun náà bọ́.

Èsì yín ló wá dun mí jù. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ dá rìn gbọ́dọ̀ mọ̀nà ara rẹ̀, pé ká ní mo bá ọ̀wọ́ èrò yín lọ ni, irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo sanwó fún nígbà náà? Ìkànnì 12306 tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ Ṣáínà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gba páásípọ́ọ̀tù àjèjì. Mo lè tẹ orúkọ ibùdókọ̀ síbẹ̀ fúnra mi. Ìmọ̀ ibi tí ibùdókọ̀ wà ni mo rà lọ́wọ́ yín.

Mi ò bèèrè owó bàálù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Taiyuan sí Wutaishan ni mo ń bèèrè, pẹ̀lú èyí tí mo fi padà lálẹ́ ọjọ́ náà, owó iṣẹ́ yín lórí rẹ̀, àti owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan ní Taiyuan. Ẹ fún mi lésì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ sì tún ojú ìwé ìkànnì yín ṣe lónìí. Wutaishan ṣì ni ẹ kọ síwájú Foguang níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kọ "Pingyao" lásán, láìsọ pé ibùdókọ̀ Pingyao Gucheng ni ọkọ̀ ayára ń dúró sí, tó jìnnà sí ti àtijọ́ tó wà lẹ́bàá odi ìlú. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ wà ládùúgbò, ti sanwó fún yín láti lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo wo ìwé ìrìn àjò rẹ̀ lánàá. Wutaishan lẹ kọ sí tirẹ̀ náà. Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ pe bàbá náà.

Mo so ìwé ẹ̀rí owó, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp wa mọ́ ìwé yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín,
Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ìbàdàn.