Ọjà Kérésì Jámánì kì í dúró de ọjọ́ Kérésì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àṣìṣe kan wà tí àwọn òbí wa tó ń gbé Britain máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ wo ọjà Kérésì ní Jámánì: wọ́n á dúró kí Kérésì dé kí wọ́n tó gbéra. Ìsinmi iṣẹ́ bọ́ sí ọjọ́ 25 àti 26, ẹ̀gbọ́n ọmọ ti gba họ́lídè, wọ́n á ní ó yá. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń tú ìsọ̀ palẹ̀, pákó ló kù. Ìmúra ọdún ni ọjà yìí wà fún, kì í ṣe ọdún gan-an.

Àwọn ọ̀sẹ̀ Ádífẹ́ǹtì, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì, ló ni ín. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ Ádífẹ́ǹtì máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá àti ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ní Nuremberg, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí Christkindlesmarkt, ọjà Kérésì ìlú náà, ní agogo márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń tì í. Ti ẹ̀gbẹ́ kàtídírà ìlú Köln (Cologne) tètè ń bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 23 ló sì sábà máa ń parí. Àwọn díẹ̀ wà, pàápàá ní Berlin, tí wọ́n ń ná títí di òpin ọdún, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìkànnì ìlú náà wò kí ẹ tó san owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ní ọmọ kékeré, ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì oṣù Kejìlá ni kó mú, láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ní Sátidé, èrò máa ń pọ̀ débi pé ìdí àti báàgì èèyàn ni ọmọ inú kẹ̀kẹ́ á máa wò títí ẹ ó fi kúrò. Òfin ilé ìwé England kò sì tíì mú ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún, nítorí náà owó ìtanràn 80 pọ́n-ùn tí wọ́n ń bù fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá pa ilé ìwé jẹ kò kàn yín, àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bá yín lọ.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ yan ìlú kan ṣoṣo, kí ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ooru, kí ẹ tún gbé e padà lọ ní oṣù Kejìlá. Àwọn kan á ní ìfowóṣòfò ni, kí ló dé tí a ò rí ìlú méjì? Àgbà ló ń ka ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé òun ti dé Vienna ní Austria. Ibi tí òun ti gun ẹṣin onígi tó ń yípo ló mọ̀. Ní oṣù Keje ẹ ó ti mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní tábìlì ìpààrọ̀ pámpáàsì, ẹ ó ti mọ ìbùdókọ̀ tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ti rí i bóyá táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ yín lè yí lórí òkúta tí wọ́n tò sójú títì. Táyà kékeré máa ń há sáàárín òkúta wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ inú òtútù àti òkùnkùn ni ẹ ti ń wá gbogbo ìyẹn, igbe ọmọ ni yóò lé yín padà sí òtẹ́ẹ̀lì.

Fún ẹni tó ń ti London lọ, Köln la máa dárúkọ. Rélùwéè Eurostar láti St Pancras dé Brussels gba nǹkan bíi wákàtí méjì, rélùwéè láti Brussels sí Köln náà kò jìnnà sí iye yẹn, bí ẹ bá sì ti jáde ní ìbùdókọ̀ Köln, kàtídírà ló wà níwájú yín. Nínú Eurostar, kò sí òfin mílílítà 100 lórí mílíìkì ọmọ, ọmọ tí kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin kì í san owó bí ó bá jókòó lé yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan ó kéré tán sáàárín ọkọ̀ méjèèjì ní Brussels. Ogún ìṣẹ́jú kò tó fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, báàgì àti ọmọ tó fẹ́ tọ̀. Nínú rélùwéè Jámánì, ọmọ tí kò tíì pé 6 kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ṣùgbọ́n ẹ san owó àyè ìjókòó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yín ni yóò wà títí. Bó bá jẹ́ bàálù, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ dé ọjọ́ tí ẹ ó padà: bí ó bá máa pé ọdún méjì kí ẹ tó padà, ẹ ó ra ìjókòó fún un.

Ìwé ló ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ jù. Ìwé ìgbélùú Britain kò gbé ẹnikẹ́ni wọ Jámánì. Ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, bó tilẹ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá ní London, físà Schengen, èyí tó wà fún Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Europe, ni yóò gbà, ọmọ náà á sì gba tirẹ̀. Láti oṣù Kẹfà 2024, yúrò 90 ni ti àgbàlagbà, yúrò 45 ni ti ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ sì ni ti ọmọ tí kò tíì pé 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 yẹn kọ́ ni wàhálà, rírí àyè láti lọ fi ìwé sílẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gba ti ìgbà ooru, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ ó tún padà ní oṣù Kejìlá, kí ẹ sì béèrè físà tó ń wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Adójútòfò ìlera tí kò dín ní yúrò 30,000 gbọ́dọ̀ wà fún ọmọ pẹ̀lú.

Ẹ má fi ìwé ìbí ọmọ sílẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ ìyàwó wa ló ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn nínú páásípọ́ọ̀tù, ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Ibodè ni wọ́n ti máa ń béèrè pé ọmọ ta ni. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń lọ, kí ẹnì kejì kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù Britain kò nílò físà, àmọ́ kò gbọdọ̀ ti ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Ọdún márùn-ún péré ni ti ọmọdé ń lò, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì mọ̀ títí ó fi máa ń tán. Ìyá àgbà tó wá láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá bá yín tọ́jú ọmọ ńkọ́? Físà àbẹ̀wò Britain kò gbé e dé Köln. Nàìjíríà ni kó ti gba ti Schengen kó tó wọ bàálù.

Lọ́jọ́ ọjà, oorun ọmọ ni kí ẹ fi ṣe agogo. Ẹ jẹ́ kó sun oorun ọ̀sán, kó jẹun gbígbóná, kí ẹ dé ọjà ní agogo mẹ́ta. Oòrùn á wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin àbọ̀, ọmọ á sì rí iná nígbà tó bá ń tàn. Ní agogo márùn-ún àbọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń wọ́ bọ̀ wá mu wáìnì gbígbóná, ẹ̀yin ti ń lọ. Ẹ má jẹ́ kó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ nínú òtútù kí ẹ tó wọlé gba afẹ́fẹ́ tó móoru fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ lè wọ inú kàtídírà, ẹ ṣáà má gun ilé ìṣọ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn 533 ni.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ dára lọ́sàn-án, kò dára nínú èrò. Ife gbígbóná wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, orí ọmọ inú kẹ̀kẹ́ ló sì wà lábẹ́ ife. Ẹ fi ọ̀já tàbí àpò ìgbọ́mọ gbé e síwájú, kí kóòtù yín bo ẹ̀yin méjèèjì, kí imú rẹ̀ wà níta. Pípọ̀n sẹ́yìn dùn, àmọ́ ẹ ò ní rí ẹni tó ń kọ lù ú. Èyí tó bá ń rìn, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín, pẹ̀lú +44 níwájú, sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi sápò rẹ̀.

Aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́ ni kó kan ara, súwẹ́tà lórí rẹ̀, èyí tí atẹ́gùn àti omi kò lè wọ̀ lókè. Òwú kò dára nísàlẹ̀ nítorí ó ń mu òógùn, tó bá sì ti tutù, ara ọmọ ni yóò máa tutù. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó há burú ju ẹyọ kan lọ: afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹsẹ̀ móoru kò ráyè. Ẹ̀yìn ọrùn ni kí ẹ fọwọ́ kàn láti mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ọwọ́ ọmọdé kì í pẹ́ tutù. Òrí ni kí ẹ fi pa á lójú kí ẹ tó jáde. Nínú takisí, ẹ bọ́ kóòtù tó wú kí ẹ tó de ìgbànú ìjókòó ọmọ, torí ìgbànú kò ní mú un dáadáa.

Ní ti oúnjẹ, álímọ́ǹdì onísúgà tó ń ta sánsán yẹn kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Sọ́séèjì, gígùn ni kí ẹ là á, kì í ṣe róbótó. Oyin sábà máa ń wà nínú Lebkuchen, bísíkítì Kérésì wọn, nítorí náà kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kinderpunsch ni ohun mímu tí kò ní ọtí. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ìdógò yúrò 3 sí 5 wà lórí ife, ẹ ó gbà á padà bí ẹ bá dá ife padà. Ẹ mú owó ẹyọ dání: ìsọ̀ mìíràn kì í gba káàdì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń gba 50 sẹ́ǹtì tàbí yúrò kan.

Ìgbà ooru rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbà ẹranko Köln àti Rheinpark tó wà ní òdìkejì odò tó ọjọ́ méjì. Ohun tí kò rọrùn ni oorun alẹ́, nítorí ilẹ̀ kì í ṣú kó tó kọjá agogo mẹ́wàá ní oṣù Kẹfà. Ẹ mú aṣọ dúdú dání fún fèrèsé. Ẹ má fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́ ọmọ nítorí oòrùn, ṣe ni inú rẹ̀ á gbóná bí ààrò. Ẹ sì béèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀pọ̀ ni kò ní.

Ní ọjọ́ Àìkú, àti láti ọ̀sán ọjọ́ 24 títí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ṣọ́ọ̀bù Jámánì kì í ṣí, àfi díẹ̀ ní àwọn ìbùdókọ̀ rélùwéè ńlá. Ẹ ti ra pámpáàsì àti mílíìkì sílẹ̀. Ẹ gba káàdì GHIC, èyí tí ẹ ó fi gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, lọ́dọ̀ NHS fún ọmọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ sanwó, oníjìbìtì ni. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru tí kò tíì le jù, 116117 ni nọ́ńbà dókítà. Bí ó bá le, 112.

Àwọn òbí ọmọ kékeré kan,
Peckham, London.