Iná Jamestown kan àwa ará Ọ̀fà náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ilé iná etí òkun, àwọn ilé gogoro tó ń tànmọ́lẹ̀ sójú òkun lóru fún àwọn atukọ̀. Mo ń gbádùn rẹ̀ bọ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ọ̀rọ̀ ará Èkó, Bàdágírì àti Ìlàjẹ ni, pé kò kan àwa tá a wà lókè. Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí. Ibi tá a wà jìnnà sókun lóòótọ́, àmọ́ mo ti mọ ilé iná kan kí n tó mọ tésàn rélùwéè ìlú wa.

Iná Jamestown ni ìyá mi ń pè é, ní àdúgbò Jamestown ní Accra. Òun àti bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò tí òwò gbé lọ sí Góòlù Kóòsì, tí a ń pè ní Ghana báyìí. Wórobo ni wọ́n ń tà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìyarun. Bí NEPA bá mú iná lọ lálẹ́, ìyá mi á gbé ọwọ́ sókè, á la àtẹ́lẹwọ́, á pa á dé, á tún là á. Mo ní eré ni. Àgbà tí mo dà ni mo tó mọ̀ pé ibi tí ọgbọ́n ilé iná wà gan-an ló ń fi hàn mí: kálukú wọn ló ní bó ṣe ń ṣẹ́jú, kí atukọ̀ tó rí i lóru lè mọ ìlú tó wà níwájú òun. Bí gbogbo wọn bá ń tàn bákan náà, ta ni yóò mọ Accra yàtọ̀ sí Cape Coast nínú òkùnkùn?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ti àkọ́kọ́ ní 1871, nítòsí odi James Fort tó ti wà níbẹ̀ láti 1673. Láàárín 1930 sí 1939 ni wọ́n fi èyí tó wà níbẹ̀ dòní rọ́pò rẹ̀, iná orí rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 34 ga ju ojú òkun lọ. Wọ́n nílò rẹ̀ púpọ̀, torí ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ilẹ̀ ní Accra nígbà náà. Ọ̀ọ́kán ni yóò dúró sí, àwọn ọmọ Ga á wa ọkọ̀ àjẹ̀ la ìgbì kọjá lọ bá a. Àpótí onígi ni wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré náà, bí ẹni sọ garawa sí kànga. Ìyá mi, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, wọ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun dijú, òun ń pe Ọlọ́run, òun sì di gèlè mú. Ìgbà tí wọ́n ṣí èbúté Tema ní 1962 ni wàhálà yẹn tán.

Ní November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ “Ghana must go” ti 1983, tiwa ló ṣáájú o.) Lọ́rí ló kó àwọn òbí mi gba Lomé àti Kútọnu wálé. Títí dòní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Ghana, Alata sì ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ṣé èèyàn tó fi orúkọ sílẹ̀ sídìí ọṣẹ ni ilé iná ìlú náà ò kàn?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ọ̀dà funfun àti pupa ń dán, ó fi í sórí WhatsApp ẹbí: “Ilé gogoro kan rèé.” Mo gbé fóònù fún ìyá àgbà rẹ̀. Ó sún un mọ́ ojú, ó ní, “Iná rẹ̀ dà?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín wá sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, kí wọ́n gba ohùn àwọn tó ti Ghana dé sílẹ̀. Àwọn tó wọ àpótí yẹn lágbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Bí wọ́n bá máa yà sílé wa, kí wọ́n wá láàárọ̀, torí ìyá mi kì í pẹ́ sùn lọ́sàn-án. Etí rẹ̀ ti wúwo, kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè.

Òǹkàwé yín,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara